Gíláàsì Tó Wà Lábẹ́ Èèpo Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Àgbowó, Ìbàdàn,
Ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Àjàní mi,

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ nígbà tí o bá rí lẹ́tà yìí. Àgbowó sí Bódìjà kò jìnnà tó ohun tí ènìyàn ń kọ lẹ́tà sí. Omi tí mo bá gbé kaná kò ní tíì hó tí màá fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá wá, Yétúndé á gbé oúnjẹ síwájú mi, á jókòó tì wá, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò sì ṣeé sọ lójú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èmi mọ ọmọ tí mo bí. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ìwọ á ti fèsì. O kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́tà lẹ́nu. Jókòó, kà á dé ìparí, kí o tó máa ronú ohun tí o fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lánàá lẹ́yìn tí a jẹun tán ni. O ní ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò yín ti ṣe òfin ìdọ̀tí: kí èèpo àti àjẹkù oúnjẹ wà nínú garawa kan, kí ìgò àti agolo tí a ti fọ̀ wà nínú àpò kan, kí ọ̀rá àti pàǹtí yòókù wà lọ́tọ̀. Ohunkóhun tó bá fọ́, inú agolo ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ dé e, kí ẹ sì fi lé alága lọ́wọ́. O ní lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n rí àfọ́kù ìgò nínú garawa èèpo tó ti ilé yín jáde, wọ́n pe Yétúndé síwájú ìpàdé, wọ́n sì bá a wí lójú gbogbo ènìyàn. O ń rẹ́rìn-ín bí o ti ń sọ ọ́. O ní, "Màmá, èmi gan-an ni mo da ìgò náà síbẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn, mò ń wò ó bó ṣe ń tọrọ àforíjì."

Bàbá rẹ bá ọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Yétúndé wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọ abọ́. Mo gbọ́ tí ìró abọ́ dáwọ́ dúró. Ìwọ kò gbọ́.

Èmi kò rẹ́rìn-ín, Kúnlé, mi ò sì lè sùn dáadáa. Ohun kan wà tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tí a ti tọ́ ọ dàgbà tí a kò sọ fún ọ rí. Ó tó àkókò kí o gbọ́ ọ.

O rántí Bàbá Múfú tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀. Ìgbà tí o lọ sí ilé-ìwé girama, tí o ń gbé inú ọgbà wọn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé. Ìgbà tí o dé fún ìsinmi, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti le, kò ká mọ́. O bi mí, mo ní ó farapa. Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà, a kò sì fẹ́ kí o máa fi ojú burúkú wo àgbà kankan nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọ́ ìyókù.

Òfin kan ṣoṣo ni ilé wa ní nípa ìdọ̀tí láyé ìgbà náà. Báàfù ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti èèpo ẹ̀gẹ́ sí fún àwọn ewúrẹ́ Bàbá Múfú. A máa ń gbà á ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti gbé báàfù náà lọ sẹ́yìn ilé láràárọ̀. Ìdọ̀tí yòókù, oníkálukú á mọ ibi tó dà á sí. Ẹlòmíràn á jù ú sí gọ́tà, ẹlòmíràn á dáná sun ún lójú fèrèsé ẹni kejì. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin kan wà nínú ilé náà tó ń jẹ́ Bọ̀dé, ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Rẹ̀mí lorúkọ ìyàwó rẹ̀, ọmọ Èkìtì ni. Wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, bí ẹ̀yin náà ti rí báyìí. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé Bọ̀dé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń kí àgbà dáadáa. Tó bá rí mi pẹ̀lú ẹrù láti ọjà, á sáré wá gbà á. Tí mo bá sọ pé ọmọlúàbí ni, mi ò parọ́.

Lọ́jọ́ kan, iná ti lọ, àtùpà ni wọ́n tàn láti fi múra lówùúrọ̀. Bọ̀dé fẹ́ pa àtùpà náà, gíláàsì rẹ̀ bọ́, ó fọ́ sílẹ̀. Àkókò iṣẹ́ sì ti ń kọjá lọ. Rẹ̀mí wà ní balùwẹ̀. Bọ̀dé fi páálí gbá àfọ́kù náà jọ, ó dà á sínú abọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí, ó wá fi èèpo díẹ̀ bò ó lórí kí ó má baà gé Rẹ̀mí lọ́wọ́. Ó wọ bàtà, ó lọ. Rẹ̀mí jáde, ó gbé abọ́, ó dà á sínú báàfù. Ọjọ́ náà ló sì kàn án láti gbé báàfù lọ sẹ́yìn ilé.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Múfú kírun Alaasari tán, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ inú báàfù láti po èèpo mọ́ eèrí bó ti máa ń ṣe. Kò pariwo. Ó kàn pè mí. Ó ní, "Ìyá Kúnlé, ẹ bá mi wá aṣọ." Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin gbogbo iwájú aṣọ rẹ̀. Mo tú gèlè orí mi, mo fi dì í. Bàbá rẹ wá tákísí, a gbé e lọ sí ọsibítù kan lápá Jẹ́ríkò, wọ́n rán an.

Ojú ọgbẹ́ san, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò kò ká. Dókítà ní gíláàsì náà ti gé iṣan tó ń fà á, pé a kò tètè mọ̀, kò sì sí ohun tí òun tún lè ṣe sí i.

Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbìyànjú láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí àga, ó gbé aago kan lé e, ó mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń tú u. Irin náà bọ́. Ó mú un, ó tún bọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó fi ọwọ́ òsì gbìyànjú rẹ̀ wò. Bàbá Múfú kó gbogbo rẹ̀ padà sínú àpótí, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ parí lọ́jọ́ náà.

Àwọn ará ilé wá ń béèrè ẹni tó fi gíláàsì sínú èèpo. Bàbá rẹ ló dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin ilé, òun ló pe ìpàdé. Ó béèrè, kò sẹ́ni tó fọhùn. Ìyá Ṣadé, tó ń gbé yàrá ìparí, wá sọ pé, "Rẹ̀mí ló gbé báàfù lọ́jọ́ yẹn. Mo fojú mi rí i."

Bàbá rẹ yíjú sí i. "Rẹ̀mí, ṣé láti ọ̀dọ̀ yín ni?"

Rẹ̀mí ti rí i pé àtùpà wọn kò ní gíláàsì mọ́. Ó ti bi ọkọ rẹ̀ léèrè, ọkọ rẹ̀ ní ó fọ́, òun ti dà á nù síta. Ibẹ̀ ló ti wá yé e. Ó wo Bọ̀dé. Mo jókòó níbi tí mo ti ń rí àwọn méjèèjì. Bọ̀dé gbójú sókè, ó rí i pé ìyàwó òun ń wo òun, ó sì padà ń wo ilẹ̀.

Rẹ̀mí kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ilé wa ló ti wá."

Bàbá rẹ bá a wí. Ó bá a wí gan-an. Ó bi í pé tó bá jẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni gíláàsì gé báyìí ńkọ́. Ìpàdé tú ká, Bọ̀dé kò sọ ohunkóhun.

Ìyà tí Rẹ̀mí jẹ lẹ́yìn ọjọ́ náà kò kéré. Ìyá Múfú kò dá a lóhùn mọ́ tó bá kí i. Tó bá dé ibi kànga, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ á gbé korobá wọn kúrò. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n má gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, pé kò mọ ohun tó ń dà sí ohun tí ẹlòmíràn máa fọwọ́ kàn. Ìyá Ṣadé kò sì dẹ́kun láti máa sọ ọ́ létí rẹ̀ pé àwọn obìnrin ìsinsìnyí kò ní ìfura. Bọ̀dé ní tirẹ̀, wọ́n ń kí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń bá a kẹ́dùn pé irú ìyàwó tó fẹ́ nìyí. Ó ń gbọ́ ọ, ó ń gbà á.

Bàbá Múfú fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yí padà, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aago kan wà tí Bọ̀dé ti fún un tún ṣe kí ọwọ́ rẹ̀ tó gé, aago tí bàbá Bọ̀dé tó ti di olóògbé fi sílẹ̀ fún un. Bàbá Múfú pè é wọ yàrá. Ó ní, "Bọ̀dé, gba aago rẹ. Mo ti tú u, mi ò lè tò ó padà mọ́. Wá ẹlòmíràn tó máa bá ọ parí rẹ̀. Má bínú sí mi."

Bọ̀dé ló sọ èyí fún mi fúnra rẹ̀. Ó ní òun lè gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, àmọ́ òun kò lè gbà á mọ́ra pé ọkùnrin náà tún ń bẹ òun pé kí òun má bínú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó jẹ́wọ́.

Bàbá Múfú bi í pé, "Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀?"

"Ó mọ̀, Bàbá."

"Ó mọ̀, ó sì kúnlẹ̀ fún wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọwọ́ tèmi ti rí bó ṣe máa rí. Lọ pe gbogbo ilé jọ, kí o tún un sọ."

Bọ̀dé tún un sọ níwájú gbogbo wa. Ìyá Múfú ló kọ́kọ́ dìde, ó lọ di Rẹ̀mí mú, ó ń sunkún. Àwọn obìnrin yòókù tọ̀ ọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ìyá Ṣadé náà lọ. Rẹ̀mí dá gbogbo wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá rẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, ó ní òun yára dájọ́ lórí ohun tí òun kò wádìí. Ìpàdé ọjọ́ náà ni ilé wa ti ṣe òfin tirẹ̀, tí àdúgbò wá gbà lọ́wọ́ wa: èèpo lọ́tọ̀, ìgò lọ́tọ̀, ohun tó fọ́ nínú agolo mílíìkì tí a tẹ ẹnu rẹ̀ pa. A rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ní ọjọ́ kejì, Rẹ̀mí ń di ẹrù. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó dáwọ́ dúró, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní, "Màmá, gíláàsì yẹn kì í ṣe nǹkan kan lójú mi. Èmi náà lè ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ọkọ mi lọ́jọ́ ìpàdé. Ó rí i pé mò ń wo òun." Mo bá a di ẹrù náà.

Bọ̀dé lọ sí Èkìtì lọ bẹ̀ ẹ́ títí. Rẹ̀mí padà wá nígbẹ̀yìn, wọ́n kó lọ sí Ring Road, wọ́n bímọ. Mo rí Rẹ̀mí láìpẹ́ yìí ní ọjà Bódìjà, ó ń ra ẹ̀wà. Ó béèrè rẹ, inú rẹ̀ dùn pé o ti gbéyàwó. Mo bi í pé báwo ni Bọ̀dé. Ó ní, "Ó wà, Màmá. Ó ń tọ́jú wa dáadáa." Ó san owó ẹ̀wà, ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó wá ní, "Tí wọ́n bá pè mí síbi ọ̀rọ̀ báyìí, èmi nìkan ni mo máa ń dáhùn. Mi ò kì í wò ó mọ́."

Bàbá Múfú ń ta okùn aago àti aago orí tábílì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ń gbé aago tó bàjẹ́ wá bá a síbẹ̀, á sì júwe ibòmíràn fún wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, Àjàní. Mo fẹ́ gbà ọ́ nímọ̀ràn báyìí.

Lákọ̀ọ́kọ́, má pe òfin àdúgbò yín ní àṣejù mọ́. O ní alága yín jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn láti máa pàṣẹ. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti bi í rí ìdí tó fi ń béèrè àfọ́kù lọ́tọ̀? Mo bi Yétúndé lánàá ẹni tó ń gba èèpo yín. Ó ní obìnrin kan tó ń sin ewúrẹ́ lẹ́yìn ọjà ni, pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń wá ṣa á. Obìnrin yẹn ń ki ọwọ́ bọ inú garawa tí ìwọ ju ìgò sí. Lọ wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí o sì kí i.

Èkejì, ìdọ̀tí ilé yín kì í ṣe iṣẹ́ Yétúndé nìkan. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń jẹun. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín in. Fi omi ṣan agolo kí o tó sọ ọ́ sínú àpò, torí òórùn tomátò àti sàdíìnì á pe eku wọ ilé. Ìgò tó bá fọ́, má fi ọ̀rá wé e, ọ̀rá kò ní dá a dúró. Inú agolo ni kí o kó o sí. Tó o bá ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, fi í sílẹ̀ síbi tó wà, kí o kìlọ̀ fún ẹni tó wà nílé, kí o padà wá kó o. Má sun ọ̀rá lẹ́yìn ilé, ọmọ tuntun wà nílé kejì yín. Má sì jẹ́ kí òjò tàn ọ́ láti da nǹkan sí gọ́tà. Ilé ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀ tí gọ́tà yẹn ń gbà kọjá.

Má máa fi ìyàwó rẹ pa àwa òbí rẹ lẹ́rìn-ín. Tó bá ṣe ohun tó kù díẹ̀ káàtó, sọ fún òun. Tí ìwọ bá ṣe é, má jẹ́ kí àwa gbọ́ ọ bí ìtàn apanilẹ́rìn-ín nígbà tí òun ń fọ abọ́ tí a jẹ.

Èyí tó kàn ló wúwo jù lọ́kàn mi. O ní Sátidé ni ìpàdé yín tún máa wáyé. Níwájú àwọn ènìyàn kan náà tí wọ́n bá Yétúndé wí, dìde, kí o sì sọ pé ìwọ lo da ìgò náà síbẹ̀, pé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bá a wí, o sì dákẹ́. Sọ ọ́ báyẹn gan-an. Má sọ pé "a" ṣe àṣìṣe. Má fi àwàdà sí i. Ṣáájú kí o tó lọ, bẹ Yétúndé nínú yàrá yín. Àmọ́ má rò pé bíbẹ̀ ẹ́ nínú yàrá ti tó, nítorí inú yàrá kọ́ ni wọ́n ti dójú tì í. Má ra aṣọ fún un dípò rẹ̀. Bọ̀dé ra aṣọ fún Rẹ̀mí láàárín ọ̀sẹ̀ tí àwọn obìnrin ń gbé korobá kúrò níwájú rẹ̀. Rẹ̀mí kò rán an.

Ó lè máà jẹ́ ohun ńlá lójú rẹ. Ọpẹ́ ni pé ìgò tìrẹ kò gé ẹnikẹ́ni, ẹnì kan ló ti rí i kí obìnrin yẹn tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí Bọ̀dé ṣe sí Rẹ̀mí, ìwọ náà ti ṣe é. Ohun kan tí o fi sàn jù ú ni pé ọ̀sẹ̀ kan péré ló ṣì kọjá.

Bàbá rẹ mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí. Lẹ́yìn tí ẹ lọ lánàá, ó jókòó láìtan iná, ó ní òun kò mọ ohun tó mú òun bá ọ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun náà ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Yétúndé, pé òun máa fẹnu ara òun sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run tó so yín pọ̀ jẹ́ kí ilé yín tòrò. Kí ó fún ọ ní ẹnu láti sọ òtítọ́ nígbà tó bá ṣòro. Mo fẹ́ràn rẹ, ọmọ mi, ọjọ́ tí mo bí ọ kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Má fèsì sí lẹ́tà yìí. Tí ìpàdé bá tú ní Sátidé, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀ wá jẹun. Mi ò ní bi ọ́ ní ohunkóhun. Ojú Yétúndé ni màá wò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.